Ṣé wọ́n á gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi níbi àyẹ̀wò pápákọ̀ òfurufú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọmọ méjì ni mo fẹ́ kó wọ bàálù, èmi nìkan, torí bàbá wọn ti ṣáájú wa lọ. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9. Kò lè dìde dúró, inú wíìlìṣíà ló máa ń wà. Kì í sọ̀rọ̀, dókítà sì sọ fún wa pé ó ní ọ́tíísìmù. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá fọwọ́ kàn án lójijì, igbe ni, ó sì lè bu ara rẹ̀ jẹ. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù 8, ó ṣì ń mu ọmú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n á gba èyí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi, wọ́n á lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá kan, wọ́n á sì da omi ọyàn tí mo bá fún sínú ike nù. Mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ṣé mo lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ mi?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò jẹ́ kí ẹ sùn kúrò nílẹ̀. Wọn ò ní gba ọmọ yín lọ́wọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà, TSA, àjọ tó ń yẹ èrò wò níbẹ̀, ti fi í sínú ìlànà rẹ̀ pé òun ò ní sọ pé kí òbí ṣe ohunkóhun tó máa ya òun àti ọmọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1107/2006 ní kí wọ́n gba ẹni tó ń tọ́jú àkàndá ẹ̀dá láàyè láti máa tọ́jú rẹ̀ lọ nínú pápákọ̀, bí wọ́n bá ti béèrè fún un. Ní ti yàrá tí ọ̀rẹ́ yín sọ, òótọ́ ni pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ jọ máa wọ ibẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín sì lè béèrè fún un, nítorí àwọn tí kò fẹ́ kí gbogbo ìlà máa wo àwọn ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ló le. Ẹ ò lè sọ pé kí wọ́n má yẹ ọmọ náà wò rárá. Kò sí pápákọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa gbà fún yín. Bí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀, ilẹ̀ lẹ máa wà tí bàálù á fi gbéra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kò tíì di òfin kànńpá: ta ló máa fọwọ́ kàn án, níbo, ìgbà wo ni ọwọ́ náà máa dé ara rẹ̀, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò lójú rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni ẹ lè bá wọn sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Ọdún 17 ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Àwọn òbí tí nǹkan máa ń bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe àwọn tó ń béèrè nǹkan púpọ̀. Àwọn tó dákẹ́ ni, tí wọ́n ń retí pé ojú òṣìṣẹ́ á rí ohun tí ọmọ wọn kò lè fẹnu sọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ìyá kí wọ́n máa tú ọmọ tí kò lè lé eṣinṣin lára ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí bí ìdí bá yé yín, ọkàn yín á balẹ̀, ọmọ náà á sì rí i lójú yín pé ó balẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1986, obìnrin kan tó lóyún fẹ́ wọ bàálù El Al, iléeṣẹ́ bàálù Ísírẹ́lì, láti pápákọ̀ Heathrow ní London lọ sí Tel Aviv. Ọkùnrin tó ni oyún náà, Nezar Hindawi, ló fún un ní báàgì, ó sì ti ṣèlérí pé àwọn á jọ ṣègbéyàwó. Nígbà tí àwọn aláàbò kó ẹrù inú báàgì náà dà síta, báàgì òfìfo ṣì wúwo. Bọ́ǹbù ló wà lábẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ nǹkan kan. Òun àti oyún inú rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ fi ránṣẹ́ ikú. Ilé ẹjọ́ fi Hindawi sẹ́wọ̀n ọdún 45. Láti irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ẹni tó gbé ẹrù ibi lè jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá ń wo abẹ́ tìmùtìmù ọmọ yín, kò fura sí ọmọ náà. Ibi tí ẹlòmíì lè ti nǹkan bọ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ló ń wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un láti ilé.

Ẹ má jẹ́ kí ó di ojú ìlà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pápákọ̀ Amẹ́ríkà lẹ ti máa wọkọ̀, TSA ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní TSA Cares, nọ́ńbà wọn ni 855-787-2227. Ẹ pè wọ́n nígbà tó bá ku wákàtí 72, ó kéré tán, kí wọ́n lè ṣètò òṣìṣẹ́ tí wọ́n dìídì kọ́ láti bá irú èrò báyìí lò. Bó bá jẹ́ Yúróòpù tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ bàálù tàbí ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lẹ máa sọ fún, kí ó tó ku wákàtí 48. Wọ́n á yan ẹni tó máa bá yín lọ láti ibi tí ẹ ti ń fi ẹrù sílẹ̀, gba ibi àyẹ̀wò, títí dé ẹnu bàálù. Wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín fún un. Ẹ má wò ó bíi pé ojúrere ni wọ́n ṣe fún yín, ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni. Ẹ ó sì nílò ẹni yẹn gan-an, torí ọmọ oṣù 8 máa wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti wíìlìṣíà.

Bí ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ má kàn sọ pé "ọmọ mi jẹ́ àkàndá ẹ̀dá," kí ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan fún òṣìṣẹ́. Ẹ sọ pé kò lè dìde dúró, kò sì lè gbé ọwọ́ sókè fúnra rẹ̀. Pé kì í sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Pé ìfọwọ́kàn òjijì máa ń dẹ́rù bà á. Pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Nǹkan mẹ́rin péré nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa yí ohun tí òṣìṣẹ́ máa ṣe padà.

Ẹ tún lè béèrè okùn ọrùn aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ya òdòdó sunflower sí lára. Pápákọ̀ Gatwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ pápákọ̀ káàkiri ayé. Ohun tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ ni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ní ìpèníjà tí ojú lè má rí. Gbogbo ènìyàn ló máa rí wíìlìṣíà ọmọ yín, ṣùgbọ́n wọn ò lè fojú rí ọ́tíísìmù, àwọn tó bá rí ẹsẹ̀ sì máa ń rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni. Okùn náà kò ní kí wọ́n má yẹ̀ yín wò, kò sì ní kí ẹ kọjá lórí ìlà. Ó kàn ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra ṣe ni.

Ohun tó kàn ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ jẹ́ kí ó ti mọ ọwọ́ náà kí ó tó pàdé rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, ẹ máa fi ṣeré nílé. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ tú ẹni tó jókòó lára wò, èjìká àti apá ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, á kọjá sí ẹ̀yìn, á lọ sí ìbàdí, itan, ẹsẹ̀. Ní àwọn ibi tí a kì í fọwọ́ kàn lára ọmọlúàbí, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa lò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà bíi ti nọ́ọ̀sì, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó gbóòórùn rẹ̀, torí òórùn rọ́bà yẹn nìkan ti tó láti bí ọmọ mìíràn nínú. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ sọ pé, "Apá ló kàn," kí ẹ tó fọwọ́ kan apá. Kí ẹ sì máa kà á jáde: ení, èjì, ẹ̀ta, ó tán. Ohun tó máa ń ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́rù ju ìfọwọ́kàn lọ ni pé kò mọ ìgbà tí ó máa parí. Bí "ó tán" bá ti ń jẹ́ òótọ́ nílé lójoojúmọ́, ó máa dúró dè é lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ka oókà yẹn. Mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún tó kọ̀, torí iṣẹ́ tirẹ̀ pàápàá ni ó mú rọrùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da wíìlìṣíà náà dé bí ẹ ṣe ń da àpò dé. Ẹ ò lè mọ ohun tó máa ń wà lábẹ́ tìmùtìmù ọmọdé: owó ẹyọ, bísíkíìtì, síbí, sísọ́ọ̀sì kékeré tí ẹ ti wá títí. Sísọ́ọ̀sì yẹn nìkan lè fi ìdajì wákàtí kún dídúró yín. Ẹ yọ gbogbo àpò tó bá ń rọ̀ mọ́ ọn, torí ẹ̀rọ X-ray ni wọ́n máa gbà kọjá lọ́tọ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu táyà méjèèjì àti ọwọ́ àga náà. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, màá débẹ̀.

Wàyí o, ẹ ti dé ojú ìlà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún òṣìṣẹ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ni pé, "A jọ ń lọ ni, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ yìí kò lè dìde, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Kí ẹ tó gbé báàgì sórí ẹ̀rọ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ké, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ á wá dà bí àwáwí, òṣìṣẹ́ náà á sì ti le ojú.

Ẹ̀yin àti ọmọ ọwọ́ lẹ máa kọ́kọ́ kọjá. Ẹ gbé ọmọ náà sílẹ̀ kúrò nínú kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń tì í tàbí nínú àpò tí ẹ fi gbé e sáyà, kí ẹ gbé e sọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ náà á gba inú X-ray, bí kò bá sì wọ ibẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọ̀nà tó ń dá irin mọ̀ ni wọ́n máa ní kí ẹ gbà. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń ní kí ènìyàn ká ọwọ́ sókè nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹni tó gbé ọmọ dání kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀rọ yẹn bí ẹ bá tún pàdé rẹ̀ nígbà mìíràn: ìgbì rédíò kéékèèké ló ń lò, kì í ṣe X-ray. Àwọn èyí tó ń lo X-ray fún ara ènìyàn, Amẹ́ríkà ti yọ wọ́n kúrò ní pápákọ̀ rẹ̀ láti ọdún 2013.

Bí ẹ ṣe ń kọjá, ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ á di wíìlìṣíà mú ní ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n á sì máa wò yín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi òwú tí wọ́n fi ń wá ẹ̀kúnná ohun abúgbàù nu ọwọ́ yín lójú rẹ̀, kí ó rí i pé wọ́n ṣe é fún ìyá òun, ìyá òun kò sì ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gba ẹ̀gbẹ́ tì í wọlé sí ibi tí ẹ ti ń dúró dè é.

Ibí yìí ni àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣe láìmọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò tán, bí ó bá fọwọ́ kan ẹni tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Ó yé mi pé ọwọ́ ìyá kì í dúró nílẹ̀ bí ọmọ bá ń sunkún. Bí ẹ bá wá sáré gbá a mọ́ra, òṣìṣẹ́ á pariwo pé kí ẹ padà sẹ́yìn, ọmọ á gbọ́ ariwo, gbogbo ìmúrasílẹ̀ yín á sì dànù. Ẹ yára sọ ọ́ ṣáájú: "Màá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ ó fi ṣe tán. Ẹ tún mi yẹ̀ wò lẹ́yìn náà." Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e kò ju pé kí wọ́n tún nu ọwọ́ yín lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí ọwọ́ wíìlìṣíà. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó sínú tirẹ̀ níwájú mi. Èrò pọ̀, ìlà gùn. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀, mo di ọwọ́ àga náà mú, mo tì í síwájú bí ìṣísẹ̀ méjì, láìsọ nǹkan kan. Igbe tí ọmọ náà ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Lójú tèmi, àga ni mo tì. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan tí kò rí ojú rẹ̀ ló gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ dì mú yẹn o." Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun nìyẹn, kí n tó fi ẹ̀rọ kankan hàn wọ́n: wá síwájú, kúnlẹ̀ tàbí bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi bá ojú ọmọ dọ́gba, béèrè, dúró gbọ́, kí o tó fọwọ́ kan àga.

Ẹ̀tọ́ yín ni kí òṣìṣẹ́ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é. Ẹ lè ní kí ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ sí tuntun. Ọkùnrin ló máa tú ọkùnrin lára wò, obìnrin á tú obìnrin. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò tó fúyẹ́ ju ti àgbà lọ ni wọ́n máa ń ṣe fún un bí ẹ̀rọ bá ké. Ti bàtà kò tún le mọ́ níbẹ̀: àwọn ọmọdé ti ń wọ bàtà wọn kọjá láti ọdún pípẹ́, láti oṣù Keje ọdún 2025 sì ni wọ́n ti yọ̀ǹda fún gbogbo èrò. Ní orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ṣì lè béèrè pé kí ẹ bọ́ ọ. Bí bàtà ọmọ yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ sọ pé kò ṣeé bọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bó bá ní nǹkan kan tí kì í fi sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ já a gbà, ẹ̀yin náà ẹ má já a gbà. Ọmọkùnrin kan wà tí erin aláṣọ kan kì í kúrò lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, etí erin náà ti já, wọ́n ti fi òwú pupa rán an. Inú X-ray ni nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbé abọ́ ike kan wá, ó tẹ́ aṣọ ìnujú sínú rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà tẹ́ erin náà sùn. Ó fi ìka hàn án ibi tí erin máa wọ̀ àti ibi tó máa jáde. Ọmọ náà tẹ́ ẹ, ó yí orí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè máa wòkè, ó sì gbójú sí ibi tí abọ́ ti ń jáde. Kò mọ̀ rárá pé òun pẹ̀lú ti kọjá. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Mo ní màá débi táyà. Bí wọ́n bá tú ẹni tó wà nínú wíìlìṣíà wò tán, wọ́n á mú òwú pélébé kan, wọ́n á fi nu ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ àga, táyà, tìmùtìmù, wọ́n á kì í bọ inú ẹ̀rọ kan tó ń wá ẹ̀kúnná ohun abúgbàù tí ojú kò lè rí. Ẹ̀rọ náà mú ṣáṣá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ké nítorí nǹkan tí kò ní láburú nínú. Ìpara tó ní glycerin lè mú un ké. Oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní nitroglycerin lè mú un ké. Ajílẹ̀ orí koríko tí táyà gbà kọjá lè mú un ké. Bí ó bá ké, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já: kò sí ẹni tó dá yín lẹ́bi. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tú ara wò dáadáa, wọ́n á ṣí báàgì. Ṣùgbọ́n nítorí ọmọ yín, ìpe kan tí ẹ bá lè dènà rẹ̀, ẹ dènà rẹ̀. Ẹ nu táyà. Ẹ fọ ọwọ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ kí ẹ tó tò sórí ìlà, kí ẹ sì fi ìpara sílẹ̀ di ẹ̀yìn àyẹ̀wò.

Ní ti omi ọyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú, lẹ́yìn ìyẹn ni òfin mílílítà 100 dé, èyí tó ní kí ike ohun olómi inú báàgì ọwọ́ má ju mílílítà 100 lọ. Oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti oògùn kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ lè gbé omi ọyàn, mílíìkì ọmọ àti oúnjẹ ọmọ tó pọ̀ tó fún ìrìn yín, pẹ̀lú yìnyín tí ẹ fi ń mú un tutù àti ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fún un. Kódà bí ọmọ kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣì lè gbé e. Wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 2016 láti rí i pé wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ ìyá ti jìyà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbà yín láàyè, ike kọ̀ọ̀kan lè tó mílílítà 2,000, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: èyí tó bá ti dì gbagidi bí yìnyín, wọn kì í gbà á nínú báàgì ọwọ́ níbẹ̀. Irú ìyàtọ̀ báyìí ló ń mú kí ọ̀rẹ́ kan sọ pé wọ́n da tòun nù, kí èkejì sọ pé irọ́ ni.

Ẹ yọ ọ́ síta kúrò nínú báàgì, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ẹ pín in sí ike kéékèèké, kí ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí ọ̀kan, àwọn yòókù á wà bí ẹ ṣe dé wọn. X-ray kì í kù sínú mílíìkì, bí iná tí a tàn sí omi kì í ṣe é kù sínú omi. Ní Amẹ́ríkà, ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́ kí ó gba X-ray tàbí kí wọ́n ṣí i, wọ́n á wá ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni wọ́n lè wá tú lára wò dípò. Ní tèmi, pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ó gba X-ray.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé mìíràn ti béèrè nípa ara tiwọn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n rì ẹ̀rọ sí láyà láti máa darí ọkàn rẹ̀, kí ó sọ, kí ó sì béèrè pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ òun wò. Kí ó má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀pá tó ń wá irin lé ibẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fún un ní insulin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, lára lè béèrè bákan náà, torí àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ní kí a má gbé e gba X-ray. Ẹni tó ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò ní láti bọ́ ọ ní Amẹ́ríkà: wọ́n á wò ó, wọ́n á fi òwú nù ún. Ẹni tí wọ́n so àpò mọ́ nikùn nítorí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀, wọ́n lè ní kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ pa á látòkè aṣọ, kí wọ́n sì nu ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ìdí tí òṣìṣẹ́ fi máa ṣí i. Ajá tó ń mú afọ́jú rìn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olówó rẹ̀. Ẹni tí wíìlìṣíà rẹ̀ ń lo bátìrì lithium tó ṣeé yọ, kí ó wo iye Wh, ìyẹn agbára bátìrì náà, tí wọ́n kọ sí i: kò gbọdọ̀ ju 300 lọ, inú ibi tí èrò ń jókòó ló sì máa gbé e sí.

Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí kò yẹ, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá délé. Ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn wá síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ẹ kọ aago àti nọ́ńbà ìlà sílẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí ọ̀gá dé, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń le ojú, tí gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èyí ni ohun tí mo bá yín kọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà líle ní èdè tí wọ́n ń sọ ní pápákọ̀ tí ẹ máa gbà:

"Orúkọ mi ni … Mi ò lè dìde dúró, mi ò sì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá síwájú mi kí n rí yín. Ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí, kí ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ fi kàn kí ẹ tó fi kàn án. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí mo bá ké, ẹ dúró díẹ̀. Ìyá mi á sọ ìgbà tí ẹ lè máa bá a lọ."

Ẹ tẹ méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì so èkejì mọ́ ẹ̀yìn wíìlìṣíà, lára ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ dì í mú láìsọ̀rọ̀ máa ti kọ́kọ́ rí i.